Ajẹ́ǹtì Tó Fi Ilé Han Onílé

Ìtàn tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nípa Bàbá Alápòótí ni ti ọjọ́ tó mú onílé lọ wo ilé ara rẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó rìn lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ìṣojú Akọ̀wé, obìnrin tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́, ló ṣe, òun ló di kọ́kọ́rọ́ mú.

Onílé kan ló gbọ́ òfófó pé ajẹ́ǹtì tí òun fa ilé òun lé lọ́wọ́ ń ka àlèébù ilé náà fún gbogbo ẹni tó bá wá wò ó. Ilé ọ̀hún sì ti ṣófo fún oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun àti Bàbá ti fojú kanra rí. Ó bá dé fìlà bo iwájú orí, ó wọ awò ojú dúdú, ó pe ajẹ́ǹtì lórí fóònù, ó ní àjèjì ni òun, òun ń wá ilé.

Bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó gbé àpótí há abíyá, àpótí onígi kékeré tí ìjókòó ti mú kó máa dán, èyí tó tìtorí rẹ̀ jẹ́ Alápòótí. Wọ́n wọlé, ó gbé e kalẹ̀ sí àárín ilé ìdáná.

"Ẹ jókòó, sà."

"Ilé ni mo wá wò, mi ò wá jókòó."

"Ilé téèyàn ò bá tíì jókòó sínú ẹ̀, kò tíì wò ó. Ẹ jókòó."

Ọkùnrin náà jókòó. Bàbá nàka sí wíńdò. "Ẹ wo ìyẹn. Ara fẹ́ǹsì ló kọjú sí. Tẹ́ ẹ bá ń dáná, èéfín á jáde, á kan fẹ́ǹsì, á sì padà wá kí yín. Ẹni tó kọ́ ilé yìí ò dáná rí láyé ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló ń dáná, kò sì bi í."

Onílé wúkọ́. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ilé ló sọ fún mi. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé ìwẹ̀."

Ní ilé ìwẹ̀, Bàbá tún gbé àpótí kalẹ̀, ó ní kó wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí sínú. "Ẹni tó bá sanra díẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan níbí: kó tilẹ̀kùn ni, àbí kó jókòó. Kò lè ṣe méjèèjì."

Ara onílé ò gbà á mọ́. Ó já awò ojú, ó já fìlà. "Ṣé o wá mọ̀ mí báyìí?"

"Mo mọ̀ yín, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ẹnu géètì. Òkúta àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ yẹn ti yẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá mú wá síbí ló ń fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbẹ́sẹ̀ sókè kọjá a, ẹ ò sì wolẹ̀."

Akọ̀wé ti ń wo ọ̀nà ìta nígbà yẹn, ó rò pé wọ́n máa gbá àwọn jáde ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa ọkùnrin náà, ó rín in títí ó fi padà jókòó sórí àpótí. Kóṣù náà tó parí, wíńdò ti yí ojú padà, ilẹ̀kùn ti ń ṣí síta, ilé sì ti gba ayálégbé. Òkúta ẹnu géètì nìkan ni Bàbá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ṣì máa nílò rẹ̀ láti fi dá onílé mọ̀.

Bàbá ti lọ báyìí, ó ti lé lóṣù mẹ́ta. Ó jẹun ọ̀sán tán, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kóun tó lọ fi ilé kan han ẹnì kan, kò sì dìde mọ́. Ẹni tó ń dúró dè é pe fóònù títí ó fi sú u. Ẹ̀gbọ́n ìyá Akọ̀wé ni Bàbá. Ọdún mẹ́rin ni Akọ̀wé fi bá a ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì oníyàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì: tábìlì kan, àga méjì, pátákó tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, àti fáànù tó ń yí orí bí ẹni tó ń sọ pé rárá. Gbogbo rẹ̀ ti di ti Akọ̀wé nìkan, àárẹ̀ rẹ̀ náà sì ti di tirẹ̀ nìkan.

Ó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe rírẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Fóònù ń dún bó bá ń jẹun, ó ń dún bó bá ń wẹ̀. Onílé á ní òun gbà láàárọ̀, á ní òun ò gbà mọ́ lọ́sàn-án. Bàtà tó rà lọ́dún yìí ti di mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó mi orí. "Ìwọ náà wo ẹsẹ̀ ẹ. Ṣé ẹsẹ̀ akọ̀wé nìyí àbí ti ẹni tó ń sáré ìje?"

Òun ló bá a wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sílé. Àga onítìmùtìmù, wíńdò tó ń gba afẹ́fẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, o ti délé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kọ lẹ́tà pé àwọn gbà á, kó fún àwọn lésì, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọjọ́ Tọ́sìdeé ló gba lẹ́tà náà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé e káàkiri: ṣé iṣẹ́ ajẹ́ǹtì yìí bá òun mu, àbí Bàbá ló bá mu, tóun kàn ń gbé àpótí tẹ̀ lé e?

Ó rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá. Bàbá kò bi í ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ó ní kó lọ sí ilé òfìfo kan ní òpin àdúgbò, kó dúró de oníbàárà kan níbẹ̀. Akọ̀wé dúró láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ó padà dé pẹ̀lú ojú tó ti wú.

"Kí lo rí?" ni Bàbá bi í.

"Mi ò rẹ́nì kankan!"

"Mi ò bi ọ́ pé ta lo rí. Kí lo rí?"

Pẹ̀lú ìbínú ló fi dá a lóhùn. Ó ní oòrùn máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn ní aago méjì, ó sì gbóná bí ẹni ń yan nǹkan. Ó ní káfíńtà kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì tó ń kọ orin kan ṣoṣo, kò sì mọ ìparí rẹ̀. Ó ní èèrà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, omi ẹ̀rọ ń kán, ẹni tó sì gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ní ọmọ kékeré, nítorí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì sàmì gíga ọmọ náà sára ògiri. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ti abọ́ oúnjẹ sí i. "Kò sóníbàárà kankan tẹ́lẹ̀. Jẹun. O ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Bàbá ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún ẹni tó bá ní kó tètè fi ilé han òun. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èèyàn lèmi ń wò kí n tó mú un lọ wolé." Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n: ta ló ń hanrun nínú yín? Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí? Ìyá ta ló máa ń wá kí yín láìsọ tẹ́lẹ̀? Àwọn mìíràn bínú lọ. Ajẹ́ǹtì tó wà ní òdìkejì títì máa ń gba irú wọn tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ní tòun bá dé ọ̀run, Bàbá Alápòótí lòun máa kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tọkọtaya kan tí kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fẹ́ra ló wá wo yàrá méjì tó fara ti ti ẹlòmíràn. Bàbá fi ọwọ́ lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jà díẹ̀."

Ọkọ ní, "Ká ṣe kí ni?"

"Ẹ jà. Ẹ ṣáà máa jà lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n lọ dúró lọ́dọ̀ aládùúgbò yín, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún."

Ó gbé àpótí, ó kọjá sí òdìkejì, lọ́dọ̀ télọ̀ àgbàlagbà kan tó ń dá gbé. Ó fi Akọ̀wé sílẹ̀ pẹ̀lú tọkọtaya. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń rín. Ìyàwó ní, "Ìwọ ọkọ burúkú." Ọkọ ní, "Ìwọ ìyàwó burúkú." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wá ní, "O ò tiẹ̀ fọ abọ́ rí láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra."

"Abọ́ wo? Èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹ jẹun sí, tó fi sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta?"

"Ẹ̀gbọ́n mi lo dárúkọ yẹn?"

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, eré ti di òótọ́. Akọ̀wé ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo wíńdò, ó ń wá èyí tó máa gbà jáde. Ìgbà náà ni ohùn télọ̀ la ògiri kọjá. "Ọkọ, ìwọ lo jẹ̀bi! Má fa ẹbí ẹ̀ wọ̀ ọ́! Ìyàwó, ìwọ náà rọra, jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀!"

Ìjà dá, àwọn méjèèjì kọjú sí ògiri. Bàbá padà wọlé, ó ń mirí. "Ògiri yìí ò nípọn rárá. Mi ò lè fún yín nílé yìí."

Ìyàwó nu ojú. "A fẹ́ ẹ, sà."

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"A gbọ́. Bàbá tó wà lódìkejì yẹn la fẹ́."

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní. Bí ìjà bá fẹ́ le, ara ògiri ni wọ́n ń lọ dúró sí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere o. Ilé kan wà ní àjà karùn-ún tí kò ní lífítì, ọdún mọ́kànlá ni Bàbá fi mú èèyàn gun ún. Kí ẹsẹ̀ má baà dùn wọ́n jù, ó máa ń gbé àpótí kalẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan, á sọ ìtàn díẹ̀, á gé e níbi tó dùn, á ní ó di àjà tó kàn. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń wá ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí kò ní gòkè dé òpin. Fọ́tọ́gíráfà kan tó sanra, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gun ún lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá fi ayọ̀ bi í pé ṣé ó ti ṣe tán láti gba ilé.

"Ilé kẹ̀? Ìparí tẹ́ ẹ sọ níjọ́sí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo ní kí n wá mọ èyí tó jóòótọ́."

Bàbá ronú díẹ̀. "Ẹ padà wá ní Sátidé."

Nǹkan wọ̀nyí ń pa Akọ̀wé lẹ́rìn-ín tó bá ń rántí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Òun ló ń gbé báàgì àti ìwé gun àjà márùn-ún yẹn. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan wo ilé mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìkẹtàdínlógún, obìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an o, àǹtí. Mo ti wá rí i pé ilé tí mò ń gbé dára." Bàbá ì bá jó. Ì bá ní ẹni tó fẹ́ràn ilé rẹ̀, ẹni tó rílé ni. Akọ̀wé ò jó. Ó jókòó sí etí títì, ó bọ́ bàtà, ó sì sunkún.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù kí Mọ́ńdè tó dé. Ìyá, ìyàwó Bàbá, gbọ́dọ̀ kó jáde. Èèyàn tó wá ilé fún ìdajì ìlú kò kọ́ ilé tirẹ̀, ilé àyágbé lòun àtìyàwó rẹ̀ gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, onílé sì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ tó ń gbéyàwó síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Akọ̀wé mú Ìyá lọ wo ilé mẹ́ta. Ìyá wò wọ́n bí ẹni wo ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ní gbogbo wọn dára. Kò fẹ́ èyíkéyìí.

Wọ́n jókòó sí ìdí ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró, ẹsẹ̀ ń dun àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu Akọ̀wé. "Ìyá, ó ti sú mi. Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ má bínú sí mi, mi ò rò pé mo lè ṣe é bíi ti Bàbá."

Ìyá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bíi ti Bàbá! Ojoojúmọ́ ayé ni Bàbá ẹ ń fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Tó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, á ju fìlà sílẹ̀, á ní, 'Ìyàwó mi, ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò lọ mọ́ lọ́la. Mo fẹ́ máa ta pákó.' Ọdún tí a kọ́kọ́ fẹ́ra, mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta pákó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti gbé àpótí jáde."

"Kò sọ fún mi rí."

"Báwo ló ṣe máa sọ fún ẹ? Ìgbéraga ńkọ́?" Ìyá nu ojú tí ẹ̀rín ti mú omi wá. "Kí n wá sọ èyí tó dùn mí fún ẹ. Ó máa ń bi àjèjì pé irú ilé wo lẹ fẹ́, irú ẹ̀dá wo lẹ jẹ́. Kò bi èmi rí. Ó kàn wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, 'Mo ti rílé,' a sì palẹ̀ mọ́."

Ojú ti Akọ̀wé, nítorí òun náà ò tíì bi í, ó kàn ń fà á kiri ni. "Ìyá, irú ilé wo lẹ fẹ́?"

Ọkọ̀ méjì kọjá kí Ìyá tó dáhùn. "Mo fẹ́ ilé tí màá ti máa rí àwọn tó ń kọjá, tí àwọn tó ń kọjá ò ní máa rí mi. Mo ti kí èèyàn tó láyé mi. Mo kàn fẹ́ máa wò wọ́n."

Kó tó sọ ọ́ tán ni ilé náà ti yọ sí Akọ̀wé lọ́kàn. Nínú nǹkan bí ogójì ilé tó wà lára pátákó, ọ̀kan ṣoṣo ni: yàrá kan àti pálọ̀, ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún aago ṣe, wíńdò rẹ̀ ga, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún sì bo ìdajì rẹ̀ láti ìta. Ọdún kan ti kọjá tó ti wọ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó ti dìde, ó ti fa Ìyá lọ́wọ́ sókè, wọ́n ti rìn dé ìkóríta kó tó rántí pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ní Mọ́ńdè, ó pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi àga náà fún ẹlòmíràn.

"Ṣé iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe rọrùn ju tiwa lọ ni?"

"Rárá, sà. Ó ń rẹ̀ mí gan-an."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò fi í sílẹ̀?"

"Tẹ́nì kan bá sọ irú ilé tó fẹ́ fún mi, sà, mo máa ń mọ ibi tó wà."

"Ó dáa," ni ọkùnrin náà sọ, "ìyẹn náà tó." Ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá.

Ọjọ́ Tọ́sìdeé ni Ìyá kó wọ ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí àwọn tó gbẹ́rù ti lọ tán, ó dúró sáàárín pálọ̀, ó fọwọ́ mú ìbàdí, ó sì ki ohùn bọlẹ̀ bíi ti ọkọ rẹ̀. "Ilẹ̀kùn yìí ń ké o. Tólè bá wá, á ké. Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ yọ́ jáde, á ké."

Akọ̀wé ò mọ ìgbà tóun náà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo àjà yìí, ó tẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹni tó kàn án ti ń ronú oúnjẹ ọ̀sán."

"Ibi ìdáná yìí, ẹnì kan ló lè wọ̀ ọ́. Kí ọbẹ̀ dúró síta."

"Aago mọ́kànlá ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù iwájú yẹn. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ń sọ irọ́ tiẹ̀."

Wọ́n ń ka àlèébù ilé náà lọ láti yàrá dé ilé ìwẹ̀, wọ́n kà á dé mọ́kàndínlógún. Ìyá ní ọkọ òun ì bá má jẹ́ kóun kó wọlé láéláé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá fi ní láti di ògiri mú. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, omi ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn yọ mí lẹ́nu, Ọlọ́run mọ̀," ló sọ. "Ó wù mí kó wá yọ mí lẹ́nu lónìí."

Akọ̀wé gbá a mú, òun náà sunkún fún Bàbá, bí kò ṣe lè sun ún láti oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ohùn. Fóònù ń dún nínú báàgì rẹ̀, ó jẹ́ kó máa dún. Lẹ́yìn náà, Ìyá fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Obìnrin kan ń sáré kọjá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ọkùnrin kan dúró, ó wo gbogbo aago ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bá tirẹ̀ jà. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó rí wọn.